Àyẹ̀wò EMG Nínú Àìsàn Iṣan Wíwú

Àìsàn iṣan wíwú ni ọ̀wọ́ àwọn àìsàn nínú èyí tí àwọn ọmọ ogun ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa gbógun ti kòkòrò àrùn, kọjú ìjà sí iṣan ara fúnra rẹ̀. Polymyositis àti dermatomyositis wà lára wọn. Bí ẹni tí ẹ ń tọ́jú kò bá lè dìde lórí àga láìdi nǹkan mú, tí kò lè gbé apá sókè láti wé gèlè, tí àìlera náà sì ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ má ṣe kà á sí àárẹ̀ lásán. Nínú dermatomyositis, awọ ara a tún máa sú. Lára adúláwọ̀, ó lè dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ elésè àlùkò. Kì í sábà pọ́n bí àwòrán inú ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn.

EMG ni àyẹ̀wò tí ń gbọ́ iná mànàmáná tí iṣan fúnra rẹ̀ ń mú jáde. Dókítà yóò ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ inú iṣan bí mélòó kan, pàápàá ti èjìká, itan àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Kò sí oògùn nínú abẹ́rẹ́ náà, kì í sì í rán iná sínú ara. Ó máa ń dunni díẹ̀. (Ìdíwọ̀n fọ́nrán ara, tí a sábà máa ń ṣe ní ọjọ́ kan náà, ni ó ń fi iná ta awọ ara.)

Iṣan tí ó dá ṣáṣá a máa dákẹ́ nígbà tí ó bá ń sinmi. Iṣan tí ó wú kì í dákẹ́: ó ń ta iná wẹ́wẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Bí aláìsàn bá wá fún un pọ̀, àmì tí ẹ̀rọ yóò fi hàn a kéré, a kúrú, a sì rí ṣóńṣó-ṣóńṣó. Àmì púpọ̀ a sì jáde fún iṣẹ́ díẹ̀, nítorí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dín kù. Bí ó bá jẹ́ fọ́nrán tí ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ wá sínú iṣan ni ó ti bàjẹ́ tipẹ́, àmì a tóbi, ṣùgbọ́n a kéré níye.

Àyẹ̀wò yìí kò lè dá orúkọ àìsàn sọ. Àwọn àìsàn iṣan kan tí a jogún, tàbí tí oògùn fà, lè jọ ọ́. Bí èsì bá sì dára, kò túmọ̀ sí pé àìsàn kò sí. Lára àmì márùn-ún tí Bohan àti Peter là sílẹ̀ ní 1975, EMG jẹ́ ọ̀kan. Kò sí nínú ìlànà tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2017. Síbẹ̀ ó wúlò gidigidi nígbà tí ẹni tí ń lo prednisolone bá tún di aláìlera. Bí iṣan tí ń sinmi bá ń ta iná, ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà ti padà. Bí ó bá dákẹ́, oògùn náà lè jẹ́ ẹni tí ń jẹ iṣan run. Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò CK ṣáájú EMG, nítorí abẹ́rẹ́ lè mú kí iye rẹ̀ ga díẹ̀. Bí a óò bá gé iṣan fún àyẹ̀wò, apá kejì ara ni kí a ti gé e, níbi tí abẹ́rẹ́ kò dé. Kí aláìsàn wẹ̀, kí ó má fi ìpara kankan para. Kí ó sọ bí ó bá ń lo warfarin, tàbí bí ó bá ní ẹ̀rọ tí ń mú ọkàn lù déédéé.

Bí oúnjẹ kò bá lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́, tàbí tí èémí bá ń ṣòro, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ EMG. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.