Afẹ́fẹ́ Tó Ń Gbé Ìgbì Ró

Nígbà tí mo fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé eré gígun ìgbì, ìgbì kọ́ ló dà mí láàmú. A ń gun ẹṣin, a ń gun kẹ̀kẹ́, kí ló dé tí a ò ní gun ìgbì? Afẹ́fẹ́ ni mo bá jìjàkadì.

Àwọn òyìnbó ń pe afẹ́fẹ́ tó ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sójú òkun ní “offshore”. Ọ̀rọ̀ kan náà la sì ń gbọ́ fún kànga epo tó wà láàárín agbami. Ògbufọ̀ tí kò bá fura á kọ “afẹ́fẹ́ ojú òkun”, ó ti dorí rẹ̀ kodò nìyẹn. Mo wo àtọ̀húnrìnwá, mo dá “àtilẹ̀wá” wò. Ṣùgbọ́n “látilẹ̀wá” ni etí máa gbọ́, bí ẹni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti ń fẹ́. “Àtòkèwá” ńkọ́? Wọ́n á ní ọ̀run ló ti ń bọ̀.

Mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay l'Ékòó. Láàárọ̀ kùtù, afẹ́fẹ́ ń rọra ti ilẹ̀ bọ̀. Ìgbì tí ìjì gúúsù Àtìláńtíìkì ti rán wá láti ọ̀nà jíjìn gbéra sókè, afẹ́fẹ́ kò ó lójú, kò jẹ́ kó tètè wó, ó ń fẹ́ ṣóńṣó orí rẹ̀ sẹ́yìn bí ìrùkẹ̀rẹ̀ funfun. Iwájú rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ọmọkùnrin kan fò dìde lórí pákó, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ìgbì ṣe ọ̀nà.

Lọ́sàn-án, oòrùn ti mú ilẹ̀ gbóná ju omi lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná gbéra nílẹ̀, tòkun rọ́ wọlé dípò rẹ̀, ó wá ń ti ìgbì lẹ́yìn. Ìtìlẹ́yìn kọ́ o! Ìgbì ò tíì gbó tó fi ya lulẹ̀, omi wá rí gbágungbàgun bíi títì tí agbaṣẹ́ṣe pa tì.

Ohun tí afẹ́fẹ́ ń fi ìgbì ṣe ló yẹ ká fi sọ ọ́ lórúkọ. Èyí àárọ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ agbégbìró ni. Tọ̀sán, awógbì. Èyí tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun kọjá, agbẹ̀gbẹ́. Agbégbìró kì í ṣe oríkì ṣá o: bó bá le jù, á máa ta omi sí agùngbì lójú, kò sì ní jẹ́ kó rí ìgbì náà gùn. Gúúsù ni etíkun Èkó kọjú sí, nítorí náà ọyẹ́ tó ń ti àríwá ìlà oòrùn bọ̀ wà nínú ìdílé agbégbìró. Ó dùn mí pé àsìkò òjò, tí ìgbì ńlá ń dé, ni awógbì náà ń gba ojú omi.

Ní ti bí ojú omi ṣe rí, n ò dá ọ̀rọ̀ kankan. Jọ̀lọ̀, tòrò àti gbágungbàgun ti wà nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ìgbì ní Tarkwa, ẹ pe àwọn orúkọ yìí lórí omi. Bí ẹ bá ti ní èyí tó dùn-ún pè jù wọ́n lọ, tiyín ni kí a kọ sílẹ̀.