Ìlànà Ọjọ́ 14 àti Ìṣẹ̀dá Ọlẹ̀ láti Ara Sẹ́ẹ̀lì Ìpìlẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn

Ní oṣù Keje ọdún 1978 ni a bí Louise Brown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tí ẹyin ìyá àti àtọ̀ bàbá rẹ̀ pàdé lóde ara, kí a tó gbé ọlẹ̀ náà sínú ilé ọmọ. Inú àwọn tí ń wojú Olúwa fún ọmọ dùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan jẹyọ: irú ọ̀wọ̀ wo ni ó tọ́ sí ọlẹ̀ tí ó bá ṣẹ́kù sí yàrá ìwádìí?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọdún 1982, ìjọba ilẹ̀ náà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, Mary Warnock sì ni alága rẹ̀. Nínú àbọ̀ wọn ti ọdún 1984, wọ́n dábàá pé a kò gbọdọ̀ tọ́jú ọlẹ̀ ènìyàn sí yàrá ìwádìí kọjá ọjọ́ 14. Ìdí ni pé ní nǹkan bí ọjọ́ 15 ni ìlà àkọ́kọ́ tí ara ọmọ yóò ti hù máa ń yọ. Lẹ́yìn náà, ó ṣòro kí ọlẹ̀ kan tún pín di ìbejì. Òfin ọdún 1990 fi àṣẹ ti àbá yìí lẹ́yìn.

Ẹyin àti àtọ̀ ni òfin náà mọ̀ ní orísun ọlẹ̀. Ìwádìí lórí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni ó yí èyí padà. Ní ọdún 2007, Shinya Yamanaka àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànì fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì awọ ara ènìyàn lè padà di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Ní 2012, Katsuhiko Hayashi àti Mitinori Saitou fi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ṣe ẹyin èkúté, èkúté sì bí ọmọ. Ní 2023, Hayashi mú ẹyin jáde láti ara sẹ́ẹ̀lì akọ èkúté; nínú ọlẹ̀ 630, ọmọ 7 péré ni a bí. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ti ṣe ohun tí ó jọ ọlẹ̀ ènìyàn láìlo ẹyin tàbí àtọ̀ rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹtì nìyí. Ohun tí kò bẹ̀rẹ̀ bí ọlẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka 14 fún un? Bí a bá sì fi awọ ara ẹnìkan ṣe ẹyin láìgba àṣẹ rẹ̀, ta ni òbí ọmọ náà? A kò tíì bí ọmọ ènìyàn kankan lọ́nà yìí, òfin sì ṣì ní àyè láti ṣáájú. Ohun tí ìtàn ìgbìmọ̀ Warnock kọ́ni ni pé kí a fi ààlà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé ìdí rẹ̀. Ààlà tuntun yóò nílò láti wo ohun tí sẹ́ẹ̀lì lè dà, kì í ṣe ibi tí ó ti wá nìkan.