Ògiri Tó Lanu ní Detroit

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí la sábà máa ń fi òwe yìí yanjú, bíi ti ìkejì rẹ̀ tó ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ìtumọ̀ yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ń yára gbójú kúrò lára ògiri fúnra rẹ̀. Kí ló dé tó fi lanu? Ilé tí èèyàn ń gbé, bó bá là láàárọ̀, wọ́n á ti fi amọ̀ dí i kílẹ̀ tó ṣú. Ilé tí kò ní olùgbé ni ẹnu ògiri rẹ̀ ń yà sí i. Teṣọ̀n rélùwéè kan ní ìlú Detroit, ní Amẹ́ríkà, ló mú mi ronú bẹ́ẹ̀. Michigan Central lorúkọ rẹ̀.

Ìparí ọdún 1913 ni wọ́n ṣí i. Àwọn ayàwòrán ilé tó ṣe teṣọ̀n Grand Central ti New York ló ṣe é: gbọ̀ngàn ńlá níwájú, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípele 18 lẹ́yìn. Wọn ò kọ́ ọ sáàárín ọjà. Ìtòsí ihò tí rélùwéè ń gbà lábẹ́ odò lọ sí Kánádà ni wọ́n gbé e sí. Tíráàmù ni wọ́n rò pé yóò máa kó èrò débẹ̀, wọn ò sì wá ààyè púpọ̀ fún mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ Detroit kan náà ló ń rọ mọ́tò tà fún ayé! Tíráàmù dáwọ́ dúró, oníkálukú ra mọ́tò tirẹ̀, èrò ń dín kù títí ọkọ̀ ìkẹyìn fi kúrò níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1988.

Aláǹgbá ò pẹ́ dé. Àwọn tó ń ṣa irin tà tú wáyà bàbà, wọ́n yọ iná, wọ́n gbé aago lọ. Àwọn ọmọ ìta fọ́n ọ̀dà sára ògiri. Òjò gba òrùlé wọlé, omi sì kún abẹ́ ilé. Lọ́dún 2009 ìgbìmọ̀ ìlú dìbò pé kí wọ́n wó o, àmọ́ ìpinnu náà ò ṣẹ.

Lọ́dún 2018, Ford rà á. Ford oní-mọ́tò! Ìrìn mọ́tò ló sọ teṣọ̀n yìí dahoro, oní-mọ́tò ló tún wá jí i dìde. Kò pẹ́ tí ìròyìn náà jáde tí ẹnì kan tí kò dárúkọ pe mùsíọ́mù Henry Ford lórí fóònù: aago ńlá tí wọ́n jí ní teṣọ̀n fara ti ilé kan tó ti jóná, wọ́n ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, kí wọ́n wá gbé e. Wọ́n débẹ̀, wọ́n bá a. Ní tèmi, aago yẹn ṣàlàyé òwe náà ju ìwé lọ: wọn ò tíì po símẹ́ǹtì kankan, ọwọ́ olè ti ń tú ohun tó kó sílẹ̀, torí ilé ti ní olóhun.

Iṣẹ́ náà gba ọdún mẹ́fà. Omi abẹ́ ilé nìkan, gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 3.5 ni wọ́n fi ẹ̀rọ fà jáde. Òkúta ara ilé náà, Indiana ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ wá nígbà ìjọ́sí. Wọ́n padà lọ ṣí kòtò òkúta tí wọ́n ti pa tì, kí àwọ̀ tuntun lè bá tàtijọ́ mu. Táìlì tó tẹ̀ kọrọdọ lókè gbọ̀ngàn lé ní 20,000. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, èyí tó ṣì dára ni wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì fi sílẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n ṣí i padà.

Ṣùgbọ́n ẹwà kọ́ ni mo ń wò. Ta ni yóò wà níbẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè? Àwọn òṣìṣẹ́ Ford wà níbẹ̀, Google ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ilé ńlá tó múlé tì í sì di ibùjókòó àwọn tó ń dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀. Ọgbọ́n kan náà, tó kéré gan-an, ni ẹgbẹ́ Legacy 1995 fi tún Jaekel House ṣe ní ọgbà rélùwéè Èbúté Mẹ́ta, l'Ékòó: ilé ọ̀gá òyìnbó tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1898 di mùsíọ́mù.

Ohun kan ló ku díẹ̀ káàtó lójú mi. Ní gbogbo ayẹyẹ ìṣíde yẹn, ọkọ̀ èrò kankan ò dúró ní Michigan Central. Ọkọ̀ ẹrù ṣì ń gba ihò abẹ́ odò lọ sí Kánádà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè ní Detroit, teṣọ̀n kékeré kan níbòmíràn ló gbọ́dọ̀ wá lọ.