Ọjọ́ tí àwọn ọmọ bándì Fẹlá fi í sílẹ̀

Lọ́dún 1978, Fẹlá kó Africa 70 lọ ṣeré ní Berlin, ní Jámánì. Ó ti ń sọ nígbà yẹn pé òun máa du ipò ààrẹ. Ni àwọn ọmọ bándì bá ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé owó eré náà ló fẹ́ fi ṣòṣèlú. Bí eré ṣe parí, ọ̀pọ̀ wọn yà kúrò. Tony Allen pàápàá lọ, ẹni tó ti ń lùlù fún un láti ayé Koola Lobitos! Àfojúdi ni àbí? Mi ò dá wọn lẹ́bi tán o. Àwọn ọmọṣẹ́ tèmi náà, tí wọn ò bá ti mọ iye tó kàn wọ́n, ibẹ̀ ni ìwọ̀sí ti ń bẹ̀rẹ̀. Fẹlá kó bándì mìíràn jọ, Egypt 80. Lekan Animashaun, tí kò bá wọn lọ, ló di olórí ẹ̀.