Láti Òkè Sóbí dé Toubkal

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí kò kí àgbà ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, débi pé ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé pé kí ẹ̀ṣọ́ tó di ìwà, ohun tí ọwọ́ ń mú ni: ìlẹ̀kẹ̀, aṣọ, ohun tí a kó sára kí a tó ré ìloro kọjá. Àwọn tó sọ ìlú wa ní Ìlọrin kò gbàgbé. Òkúta Ìlọ-Irin ṣì wà ní Ìdí-Àpẹ́, níbi tí ìtàn ti sọ pé àwọn ará àtijọ́ ń pọ́n irin wọn. Wọn kì í dénú igbó tán kí wọ́n tó máa wá òkúta.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ti gun Òkè Sóbí nílùú wa títí tó sú u, tó wá ní òkè tí yìnyín bò ló kù tí òun fẹ́ gùn. Kò dìgbà tó bá dé ilẹ̀ Òyìnbó. Toubkal wà ní Mòrókò, 4,167 mítà, òkè tó ga jù ní àríwá Áfíríkà. Ọkọ̀ òfuurufú wà láti Èkó dé Casablanca, rélùwéè wà láti ibẹ̀ dé Marrakech, mọ́tò yóò sì gbé e dé abúlé Imlil lẹ́sẹ̀ òkè náà láàárín bíi wákàtí kan àbọ̀. Físà nìkan ni kó tètè wá. Àwọn Òyìnbó tí àkọsílẹ̀ sọ pé wọ́n kọ́kọ́ dé téńté rẹ̀, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1923 ni wọ́n dé ibẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ yìnyín ti yọ́. Ẹni tiwa yìí ní oṣù kẹrin lòun fẹ́, ní ìgbà ìrúwé, tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀.

Yìnyín wo? Ní oṣù kẹrin, bí òjò àkọ́rọ̀ bá fi ìbínú dé sí Ìlọrin lẹ́yìn ooru oṣù kẹta, àwọn ọmọdé a máa sáré ṣa yìnyín nínú àgbàlá, wọn a sì jù ú sẹ́nu kó tó yọ́. Èyí tí a mọ̀ nìyẹn: ó hó lórí páànù, ó yọ́, ó tán. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pe èyí tó ń bọ́ ní ilẹ̀ òtútù ní òjò dídì. Mo fẹ́ràn orúkọ náà ju yìnyín lọ, nítorí ó sọ àṣírí ìgbà ìrúwé fúnni. Òjò ni. Ó ń dì lóru, ó ń yọ́ lọ́sàn-án, ó tún ń dì. Ní ìdájí, ojú òkè le bí abọ́ tánganran, irin eléyín tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ bàtà ló ń mú ẹsẹ̀ dúró, àáké yìnyín sì wà lọ́wọ́ bí ẹsẹ̀ bá yọ̀. Bí oòrùn bá ti mú, ilẹ̀ kan náà á rọ̀, ẹsẹ̀ á máa rì dé orúnkún, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè sì lè ya lulẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn agunkè ṣe ń kúrò ní ilé ìsinmi tí wọ́n ń sùn sí lójú ọ̀nà òkè kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tó ti ń jí jẹ sààrì láti kékeré kò ní fi ìyẹn ṣe wàhálà.

Ibì kan wà ṣá tí òwe wa ti fẹ́ kọsẹ̀. Ìlọrin kò ju bíi 300 mítà lọ sókè ojú òkun. Sóbí á mú itan le, á kọ́ ẹsẹ̀ ní sùúrù, ṣùgbọ́n kò lè fún ẹnikẹ́ni ní èémí orí Toubkal, níbi tí afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti etí òkun lọ. Ẹ̀ṣọ́ yẹn kò sí nílé. Ojú ọ̀nà ni ara ti ń rí i, oorun ni ó sì fi ń rà á. Imlil wà ní 1,740 mítà, ilé ìsinmi tí àwọn Faransé kọ́ ní 1938 wà ní 3,207. Ẹni tó bá gun 1,467 mítà yẹn lọ́jọ́ kan, tó tún dìde lóru láti gun 960 tó kù, orí fífọ́ àti èébì lè pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ọjọ́ méjì ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é. Èmi á ní kó kó ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún wá láti ilé: kó sùn ní Imlil, kó sùn lẹ́ẹ̀mejì ní ilé ìsinmi, kó sì ní ọjọ́ kan lápò tí kò ní ṣe nǹkan kan, àyàfi bí ìjì bá dé. Ọjọ́ ló wúwo jù nínú ẹrù yìí, òun náà ni àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ rù, nítorí ibi iṣẹ́ kò fún wọn láyè.

Láti ìgbà tí wọ́n ti pa àwọn ọmọbìnrin àlejò méjì lẹ́bàá Imlil ní oṣù kejìlá 2018, kò sí ẹni tó ń gun Toubkal láìmú afinimọ̀nà. Àwọn ọlọ́pàá á yẹ ìwé ìrìnnà wò lójú ọ̀nà tó lọ sí ojúbọ Sidi Chamharouch. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ọba àlùjọ̀nnú ni ẹni náà, orúkọ yẹn kò sì ní ṣàjèjì létí àwọn àáfáà kan nílùú wa.

Ti aṣọ kò gùn. Aṣọ òkè tí à ń hun ní Ìlọrin kọ́ ni aṣọ òkè ní Toubkal. Òwú á mu òógùn, á tutù mọ́ra. Irun àgùntàn ni kó wọ̀. Kó má sì rò pé awọ dúdú tàbí ojú tó ti mọ oòrùn wa kò nílò ìpara àti jígí dúdú, nítorí yìnyín ń da ìmọ́lẹ̀ padà sójú láti ìsàlẹ̀.

Ìbaaka ni yóò ru báàgì rẹ̀ láti Imlil, títí dé ibi tí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni oníbaaka ti ń tú okùn, tí á gbé báàgì kalẹ̀, tí á sì wo ojú ẹni tó kó gálọ́ọ̀nù epo pupa wá láti Ìlọrin.