Sábọ́n-Gàrí Kánò àti Ẹ̀kọ́ Ìlànà Ìjọba ní Yunifásítì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí bá ìtàn Sábọ́n-Gàrí ní ìlú Kánò mu régí.

Ọdún 1911 ni ọkọ̀ ojú irin dé Kánò. Àwọn akọ̀wé, oníṣòwò àti oníṣẹ́-ọwọ́ láti ìhà gúúsù bá a dé. Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ kí wọ́n gbé inú ìlú àtijọ́; ẹ̀yìn odi ni wọ́n ti pín ilẹ̀ fún wọn. Òfin ìṣètò ìlú ti ọdún 1917 sì fi ìdí àṣà yíya ibùgbé sọ́tọ̀ múlẹ̀. Bí Yorùbá ti ní àdúgbò tirẹ̀ ní Kánò ni Hausa ní Sábó tirẹ̀ ní Ìbàdàn láti ọdún 1916.

Ìlànà ìjọba ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kàn kò sí níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1953, nígbà tí ọ̀rọ̀ òmìnira dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn olóṣèlú àríwá àti gúúsù, Sábọ́n-Gàrí ni ìjà náà ti le jù. Ènìyàn 36 ni ìjọba kà pé ó kú. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn náà ni ìjọba ẹkùn Àríwá pinnu pé ọmọ àríwá ni kí a kọ́kọ́ gbà sí iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé gúúsù sì rí i pé ọ̀nà ti dí.

Àìtó òṣìṣẹ́ tí ó mọ ìṣàkóso ni ó mú kí ẹ̀kọ́ yìí wọ yunifásítì. Ní ọdún 1962, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso tí ó wà ní Kongo, Sáríà, di ara Yunifásítì Ahmadu Bello. Yunifásítì Ifẹ̀ náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ láìpẹ́ sí i. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti ń kọ́ni kí ó tó di kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1971. Ó wà lára àwọn tí ó dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé.

Ìlànà tí ó ya ènìyàn sọ́tọ̀ ni ó bí Sábọ́n-Gàrí. Ìlànà tí ó fẹ́ da ènìyàn pọ̀ ni ó bí àgùnbánirọ̀. Síbẹ̀, òfin ìjọba ológun ni èkejì pẹ̀lú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ẹ̀hónú hàn sí i. Ète wọn yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wọ́n jọra: olórí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń fá orí.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí kò gbọdọ̀ dúró lórí ète ìlànà nìkan. Kí ó bèèrè ẹni tí ó ṣe é, ẹni tí a bi léèrè, àti ẹni tí yóò ru ẹrù rẹ̀. Àdúgbò bíi Sábọ́n-Gàrí yẹ kí ó wà lára ìwé tí yóò kọ́kọ́ kà.