Bí a ṣe ń pín ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí sílébù

Ìtòsí Ọjà Balógun, ní Erékùṣù Èkó, ni òpópónà Breadfruit wà, níbi tí ìjọ St. Paul's fìdí kalẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kàn pọ̀ di orúkọ èso yìí: “bread” àti “fruit”. Sílébù méjì péré ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Yorùbá yá a lò, ó di gbẹ̀rẹ̀fútù, sílébù mẹ́rin. Èdè Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe méjèèjì.

Nítorí náà, ìró fáwẹ́lì tí etí gbọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kà, kì í ṣe lẹ́tà. Lẹ́tà mẹ́wàá ló wà nínú “wristwatch”, sílébù rẹ̀ kò ju méjì lọ. Nínú “wholesale” tí àwọn oníṣòwò ń kọ sára ìsọ̀, lẹ́tà e méjèèjì kò dún rárá. Ojú ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé ni a ti ń gé e: wrist-watch, whole-sale. “Shoemaker” ní mẹ́ta: shoe-ma-ker.

Ìtẹnumọ́ ló le jù. Etí Yorùbá kò ṣàì gbọ́ ọ, nítorí ohùn òkè la sábà fi ń gbà á: tíṣà, pépà, òtẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ tó bá kan ọ̀rọ̀ alákànpọ̀, ọ̀pọ̀ a máa gbé ohùn sókè lórí apá méjèèjì, wọn a sì pàdánù máàkì nínú ìdánwò JAMB, níbi tí wọ́n ti máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ sílébù tí ìtẹnumọ́ wà.

Apá àkọ́kọ́ ló sábà máa ń gba ìtẹnumọ́: HANDbag, GOLDsmith, SHOEmaker. Ìtumọ̀ pàápàá wà lọ́wọ́ rẹ̀. BLACKboard ni pátákó ìkọ̀wé, ìbáà jẹ́ aláwọ̀ ewé. Black BOARD ni pátákó tó dúdú. Ṣùgbọ́n bí apá àkọ́kọ́ bá ń sọ ohun tí a fi ṣe nǹkan, apá kejì ni ìtẹnumọ́ ń lọ: leather BAG, gold CHAIN. Òfin yìí náà ní alágídí tirẹ̀, nítorí ORANGE juice ni wọ́n ń pè é.

Orúkọ àdúgbò kò gba ọ̀nà kan náà. Èyí tó bá ní “Street” nídìí, orúkọ tó ṣáájú ló ń gba ìtẹnumọ́: BROAD Street. Èyí tó kù, ìdí ló ń bọ́ sí: Tinubu SQUARE, Carter BRIDGE.